Ìtàn sáyẹ́ǹsì mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́: èwo ni kó kọ́kọ́ jáde?

Olùkọ́ Ajílété

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka ìtàn mi bọ̀ mọ̀ pé Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́, ìtàn ọjọ́ iwájú, ti ẹ̀rọ, ti òfuurufú, ti bí ayé yóò ṣe rí nígbà tí àwọn ọmọ ọmọ wa bá dàgbà. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, alẹ́ ni mo máa ń ráyè kọ̀wé. Ẹ ń bi mí pé kí ló kàn, ìgbà wo ni ìwé ń jáde. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ju ẹyọ kan lọ, owó tó wà nílẹ̀ kò sì lè gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ kó o kalẹ̀ níwájú yín kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìwé ńlá ni àkọ́kọ́, *Ẹ̀rọ Tó Mọ Orúkọ Òjò*. Ọdún 2061 ni ìtàn náà wáyé. Òjò kì í rọ̀ lásìkò mọ́, àgbẹ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kóun gbin ẹ̀gẹ́. Sátẹ́láìtì kan tí gbogbo ayé rò pé ó ti kú bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn, obìnrin kan tó ń dáko káṣú lọ́nà Ìkòyí-Ilé nìkan ló ń gbọ́ ọ. Mo ti kọ ọ́ kọjá ìdajì.

Ìkejì ni *Lẹ́yìn Tí Iná Dé*, àkójọ ìtàn kúkúrú. Ó ti parí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni ti ìyá kan tó ṣí bùkà àmàlà sórí òṣùpá.

Ìkẹta ni ìwé aláwòrán fún àwọn ọmọdé, *Àbẹ̀kẹ́ àti Rọ́bọ́ọ̀tì Aláró*. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Under-G, àdúgbò kan níbí, ló ń ya àwòrán rẹ̀. Ìkẹrin ni eré orí rédíò, *Ohùn Láti Mars*. Ìyá wà ní Tákìé níbí, ọmọ wà lórí Mars, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ti ní kí n mú ìpín mélòó kan wá kí àwọn wò ó.

Lẹ́yìn mẹ́rin yìí, mo fi ìtàn kúkúrú kan tí mo kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan lókè òkun. Wọ́n gbà á, wọ́n sì ti fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ kí n fọwọ́ sí i.

Èwo ni kó kọ́kọ́ jáde? Ilé iṣẹ́ kan lórí ayélujára ní kí n san owó kí àwọn fi bá mi gbé ìwé ńlá náà jáde, ṣé kí n gbà? Báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ Yorùbá tí àmì ohùn kò fi ní fò lọ? Ẹ̀yin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣé sátẹ́láìtì lè dúró sójú kan lókè Ògbómọ̀ṣọ́ láti àárọ̀ dalẹ́? Ìyá àti ọmọ inú eré yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n lè máa tàkùrọ̀sọ bí ẹni wà lórí fóònù?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àkójọ ìtàn kúkúrú ni kó kọ́kọ́ jáde. Ọbẹ̀ tó ti jinná là ń bù fún àlejò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé tó ti parí jókòó máa dúró de èyí tí kò tíì parí. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí yóò fi ìtàn kúkúrú dán yín wò, tó bá dùn mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa béèrè ìwé ńlá.

Onífísíìsì

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo ti ka físíìsì, nítorí náà n ó dáhùn ìbéèrè sáyẹ́ǹsì, kí àwọn tó mọ̀ nípa ìwé dáhùn ìyókù.

Kò sí sátẹ́láìtì tó lè dúró gangan lókè Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí tí a máa ń rí bí ẹni pé ó dúró sójú kan, ńṣe ló ń bá ayé yí pọ̀, ibì kan ṣoṣo tí ìyẹn ti ṣeé ṣe ni òkè ìlà agbedeméjì ayé, ní gíga kìlómítà 35,786. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní nǹkan bíi dígírì 8 sí àríwá ìlà náà. Meteosat tí àwọn ará Yúróòpù fi ń wo ojú ọjọ́ Áfíríkà wà lókè ibi tí ìlà agbedeméjì ti pàdé ìlà tó gba Greenwich kọjá. Inú òkun ni ibẹ̀, ní gúúsù Gánà. Tí obìnrin yín bá wà lóko rẹ̀ lọ́nà Ìkòyí-Ilé, àwo tó fi ń gba ohùn sátẹ́láìtì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sókè tààrà, yóò kàn tẹ̀ díẹ̀ sí gúúsù. Tó bá jẹ́ NigComSat-1R, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tiwa, ló fẹ́ gbọ́, ìyẹn wà ní dígírì 42.5 lápá ìlà oòrùn, ọ̀nà ibi tí oòrùn ti ń yọ ni àwo yóò dojú kọ.

Irú kejì ni èyí tó sún mọ́ ilẹ̀. NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì tiwa mìíràn, tí wọ́n gbé lọ sókè ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 kò ga ju nǹkan bíi kìlómítà 690 lọ. Irú rẹ̀ kì í lò tó ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú kó tó yí ayé po. Tó bá yọ lójú ọ̀run wa, kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kó tó wọ̀. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ lò nìyí, Àǹtí. Tí sátẹ́láìtì bá dúró sójú kan, obìnrin yẹn ní gbogbo ọjọ́ láti gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ èyí tó ń sáré kọjá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní, ó gbọ́dọ̀ ti wà nídìí àwo kó tó yọ, tí ẹnìkan bá sì ya ilé rẹ̀ lásìkò yẹn, ó di ìgbà mìíràn nìyẹn.

Ti sátẹ́láìtì tó kú tó tún fọhùn, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. AMSAT-OSCAR 7 lọ sókè ní 1974, ó dákẹ́ ní 1981 nígbà tí bátìrì rẹ̀ bàjẹ́. Ní 2002 ó ṣàdédé padà wá. Ohun tó fà á ni pé ibi tí iná ti ń jò dànù nínú bátìrì náà já, iná oòrùn wá ń lọ tààrà sínú ẹ̀rọ. Látìgbà náà, ìgbà tí oòrùn bá ń ràn lé e lórí nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti wọnú òjìji ayé, ó dákẹ́. Tiwa náà kú rí: NigComSat-1 gòkè ní oṣù karùn-ún 2007, ìṣòro iná láti ara pátákó tó ń gba oòrùn pa á ní oṣù kọkànlá 2008, oṣù kejìlá 2011 ni wọ́n tó gbé arọ́pò rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni NigeriaSat-1 wà lára àwọn tó ya àwòrán ibi tí ìjì Katrina bàjẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 2005. Ẹ̀rọ ilẹ̀ wa ti bá àlejò wo àjálù rí, ohun tó yẹ ká gbọ́ nínú ìtàn ni.

Ìyá àti ọmọ kò lè tàkùrọ̀sọ. Ohùn inú rédíò ń rìn bí ìmọ́lẹ̀, síbẹ̀ Mars jìnnà. Tó bá sún mọ́ wa jù, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yóò fi dé. Tó bá jìnnà jù, ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ìyá á ní "ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" yóò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì kó tó gbọ́ "mo ti jẹun, mà". Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n síra, oòrùn máa ń bọ́ sáàárín ayé àti Mars, ọ̀rọ̀ á dáwọ́ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìpín odidi wà nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

Olùkọ́ Ajílété

Ẹ ṣeun gan-an, àbúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni n ó mú. Mo ti ń wá ohun tí yóò máa lé obìnrin yẹn kiri nínú ìtàn, ẹ ti fún mi. Bùkà orí òṣùpá ńkọ́? Inú ilé tí wọ́n ti há afẹ́fẹ́ mọ́ ló ti ń dáná.

Onífísíìsì

Ó kù sọ́wọ́ bí ẹ bá ṣe fẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ilé náà pọ̀ tó. Tó bá pọ̀ bíi ti ayé níbí, kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀. Àmọ́ nínú ọkọ̀ Apollo tó lọ sí òṣùpá, ìdá kan nínú mẹ́ta ni agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí ti ilẹ̀ wa. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, omi yóò hó ní nǹkan bíi dígírì 72 dípò 100. Ẹ ó rí i tó ń hó yaya, ẹ ó da èlùbọ́ sí i, kò sì ní jinná bó ṣe yẹ. Ìyá náà nílò ìkòkò onídẹ̀rí tó há, irú èyí tó ń há ooru mọ́nú. Tí ìkòkò yẹn bá wá bàjẹ́ lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, ìtàn nìyẹn.

Mo gbàgbé ohun kan nípa Mars. Ọjọ́ kan níbẹ̀ fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú gùn ju tiwa lọ. Tí ọmọ bá ń fi ohùn ránṣẹ́ ní aago méje àárọ̀ tirẹ̀ lójoojúmọ́, àárọ̀ ni ìyá yóò kọ́kọ́ máa gbà á, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì yóò di ìrọ̀lẹ́, yóò tún di òru. Ìyá yóò máa jí lóru gbọ́ ọmọ rẹ̀.

Onírédíò

Mo ti ṣe eré orí rédíò fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí àbúrò wa sọ yìí dùn mọ́ mi nínú. Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ìdúró yẹn dẹ́rù bà yín. Ẹ sọ ọ́ di fóìsì nóòtù. Gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí wọ́n á máa wo fóònù, tí wọ́n á tún ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ mìíràn kí èsì tó dé. Ìyá yóò sọ tirẹ̀ tán, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ariwo Tákìé lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀, àwọn tó ń polówó ọjà, ẹni tó wá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọ yóò wọlé láti ibi tí kò sí ariwo kankan. Etí yóò mọ ìyàtọ̀ láìsí ẹni tó ń ròyìn.

Ohun tí ẹ ó gbé lọ fún wọn: ìwé eré náà, àti ìpín kan tí ẹ ti gbà sílẹ̀. Fóònù tó dára nínú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí ti tó fún àpẹẹrẹ. Ìpín kọ̀ọ̀kan kó má gùn jù, àwọn tó ń gbọ́ wa ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó fi í lé wọn lọ́wọ́: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e sáfẹ́fẹ́ tán, ta ló ni ohùn tí a gbà sílẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ lè tún gbé e sórí ayélujára fúnra yín.

Bàbá Tíṣà, Ọ̀yọ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n. Rédíò ni kó ṣáájú. Àwọn tó ń gbọ́ Yorùbá ju àwọn tó ń kà á lọ fíìfíì, o mọ̀ ọ́n nínú kíláàsì rẹ. Jẹ́ kí orúkọ rẹ dé etí ìlú ná, kí ìwé wá bá a lọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ tí eré náà bá ń parí lọ ni kí àkójọ ìtàn kúkúrú wà lórí àtẹ, kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kí gbogbo olùgbọ́ pé ó dàbọ̀.

Ìkejì, má kéde ọjọ́ kankan kí ìwé tó wọ ọwọ́ rẹ. Wọn á ní oṣù tó ń bọ̀, iná á lọ, bébà á wọ́n, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á lọ ìsìnkú. Àwọn òǹkàwé á máa kà ọ́ sí ẹni tí kì í mú ọ̀rọ̀ ṣẹ, tó sì jẹ́ pé ẹjọ́ rẹ kọ́. "Ó ń bọ̀" tó. Ìgbà tí páálí ìwé bá wà nínú yàrá rẹ ni kí o dárúkọ ọjọ́.

Ìkẹta, wá ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ kó bá ọ kà á fún àkọtọ́. Ìlànà àkọtọ́ Yorùbá ti 1974 ni kó tẹ̀ lé. Mo máa ń rí ìwé tuntun tí "aiye" àti "ayé" wà lójú ewé kan náà. Ìwé tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún 2061 kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá

Ìbéèrè àmì ohùn ni mo wá dáhùn, iṣẹ́ ojoojúmọ́ wa ni. Àwọn lẹ́tà ẹ, ọ, ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà àti àmì orí rẹ̀, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, fọ́ǹtì ló ń so wọ́n pọ̀. Tí fọ́ǹtì kò bá mọ iṣẹ́ yẹn, àmì á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kó di àpótí òfìfo. Fọ́ǹtì tó mọ̀ ọ́n ṣe tí kì í ṣe olówó ni Gentium, Charis SIL àti Noto. Ẹ fi ọ̀kan nínú wọn tẹ ìwé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ sá fún àwọn fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́ tí wọ́n fi ààmì mìíràn rọ́pò lẹ́tà wa. Lórí kọ̀ǹpútà yín yóò dára, tó bá dé ọ̀dọ̀ wa yóò di wúruwùru.

Ẹ má fi Word ránṣẹ́ sí atẹ̀wé. Ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ẹ sì rí i pé fọ́ǹtì wà nínú fáìlì náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan ṣoṣo lórí bébà kí ẹ tó sanwó ìyókù, kí ẹ sì ka ẹyọ náà tán. Ojú kọ̀ǹpútà ń tan ènìyàn jẹ.

Nípa iye: tí ẹ bá fẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ dígítà ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, páléètì, ìyẹn àwo irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ̀wé, ló dín owó. Fún ti páléètì, ẹ jẹ́ kí iye ojú ewé jẹ́ èyí tí 16 lè pín, torí bí a ṣe ń ká bébà nìyẹn. Ìwé olójú ewé 130 yóò jẹ́ kí ẹ san owó bébà 144. Ẹ fa díẹ̀ yọ kó di 128.

Ìbàdàn ni mo wà, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, àwọn ará Ṣómólú l'Ékòó náà ń ṣe é dáadáa. Ibi yòówù kí ẹ lọ, iye owó tí wọ́n bá dá lé e lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹ tún un béèrè. Ẹ má sì dé ọ̀dọ̀ wa ní oṣù kejìlá, kàlẹ́ńdà ló máa ń kún ilẹ̀. Tí ẹ bá ní ilé ìwé lọ́kàn, kí ìwé ti wà lọ́wọ́ yín kí oṣù kẹjọ tó parí, kí ẹ bá ìwọlé oṣù kẹsàn-án.

Ọlọ́jà Ìwé

Ẹ má bínú, mo ní láti sọ ọ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni owó wà, wọ́n ti gba ìtàn yín kan lókè òkun, ìyẹn fi hàn pé ẹ lè ṣe é. Yorùbá lè wá nígbà tí orúkọ bá ti jáde. Àwọn tó ń wá ìwé Yorùbá lọ́wọ́ mi, ìwé ìdánwò ni wọ́n ń wá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n

Ọlọ́jà, mo gbọ́ yín, mo mọ̀ pé ọjà lẹ ń wò. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí lórí àtẹ, báwo ni wọn yóò ṣe béèrè rẹ̀? Àwọn ọmọ àbúrò mi máa ń ní kí n ka ti bùkà yẹn fún wọn látorí fóònù. Wọn ò bi mí rí pé kí nìdí tó fi jẹ́ Yorùbá.

Olùkọ́ Ajílété

Ẹ ṣeun, Ọlọ́jà, mi ò bínú. Gẹ̀ẹ́sì ni n ó máa fi kọ díẹ̀ nínú ìtàn kúkúrú mi. Mẹ́rin yìí kò ní yí padà. Mo fẹ́ kí ọmọ tó wà ní girama ní Ògbómọ̀ṣọ́ ka ìwé tí ẹni tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ń fọhùn bí ìyá rẹ̀.

Lọ́yà Òkè Ẹlẹ́rin

Àǹtí, ilé iṣẹ́ tó ní kí ẹ san owó, ẹ dúró ná. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìwé jáde lóòótọ́ máa ń náwó tirẹ̀ sórí ìwé, á sì máa fún òǹkọ̀wé ní ìpín nínú owó tó bá wọlé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń sanwó, ẹ̀yin lẹ gbé e jáde nìyẹn, kò sì sí nǹkan tó burú nínú rẹ̀, àmọ́ gbogbo ẹ̀dà, gbogbo fáìlì àti gbogbo ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín. Èyí tó burú ni pé kí ẹ sanwó, kí wọ́n tún di ẹ̀tọ́ ìwé náà mú. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí nínú àdéhùn, ó sábà máa ń wà níbẹ̀.

Òfin Copyright wa ti 2022 dáàbò bo ìwé yín látìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, kò dìgbà tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ó sì wà fún ọjọ́ ayé yín àti àádọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó pọ̀ tó báyìí, a kì í fọwọ́ sí i fún ènìyàn láìkà á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Under-G ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Tí ẹ kò bá ní ìwé àdéhùn, òun ló ni àwòrán, bí ẹ tilẹ̀ san owó fún un. Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́: ta ló ni Àbẹ̀kẹ́, ta ló ni àwòrán Rọ́bọ́ọ̀tì, báwo ni owó yóò ṣe pín, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí ẹlòmíràn bá fẹ́ sọ ọ́ di fíìmù. Ẹ ṣe é nígbà tí inú yín ṣì ń dùn síra yín.

ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, ọ̀dọ̀ Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbà á. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ti bébà yàtọ̀ sí ti orí ẹ̀rọ. Ẹ má gba nọ́ńbà ẹlòmíràn, nítorí nọ́ńbà náà ló ń sọ ẹni tó gbé ìwé jáde. Lẹ́yìn tí ìwé bá jáde, òfin ní kí ẹ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí Ilé Ìkàwé náà láàárín oṣù kan. Ẹ má fojú kéré èyí. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá ń wá ìtàn sáyẹ́ǹsì Yorùbá ní ọdún tó jìnnà yóò ti rí tiyín.

Ọmọ Àtìbà

Ọ̀yọ́ ni mo wà, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ìtàn kúkúrú tèmi. Àǹtí, nínú àdéhùn ìwé ìròyìn yẹn, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá. Kí wọ́n gba ẹ̀tọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kí Yorùbá wà lọ́wọ́ yín. Kí ọjọ́ wà tí ẹ̀tọ́ yóò padà sọ́wọ́ yín kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sínú àkójọ. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọn yóò sanwó. Tí ọ̀kan kò bá sí, ẹ kọ̀wé sí olóòtú wọn pẹ̀lú sùúrù, wọn a máa tún un ṣe.

Fún ìtàn mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wo Omenana, ìwé ìròyìn ìtàn irú èyí láti Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Ẹ tún fi ojú sí àmì ẹ̀yẹ Nommo tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní 2017. Wọ́n ní ìsọ̀rí fún ìwé gígùn, fún ìtàn kúkúrú, wọ́n sì ní fún ìwé aláwòrán. Àbẹ̀kẹ́ yín lè débẹ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí náà ẹ pa ẹ̀rí ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan jáde mọ́.

Ìyá Ìbejì, Sábó

Mo ń ra ìwé fún àwọn ọmọ mi, ohun tí mo ń wò ni n ó sọ. Kí lẹ́tà tóbi, kí àmì ohùn pé, torí àwọn ọmọ mi ń kàwé fún ara wọn, wọn a máa tàsé níbi tí àmì ò bá sí. Kí bébà nípọn díẹ̀. Kí owó rẹ̀ má pọ̀ jù. Tí àwọ̀ bá ń gbé owó rẹ̀ lọ sókè, ẹ jẹ́ kó jẹ́ dúdú àti funfun, àwọn ọmọ á fi kíráyọ̀nù kùn ún.

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá

Ìyá Ìbejì sọ nǹkan kan níbẹ̀. Àwòrán aláwọ̀ gbogbo, íǹkì mẹ́rin la ń fi tẹ̀ ẹ́. Àǹtí, rọ́bọ́ọ̀tì yín ń re aró. Ẹ fi íǹkì méjì péré ṣe gbogbo ìwé náà, dúdú àti búlúù aró. Owó rẹ̀ yóò dín, ojú rẹ̀ yóò sì dá yàtọ̀ lórí àtẹ. Ẹ sọ fún ayàwòrán kó má tíì kùn ún, kó ya ohun tó jẹ́ aró sórí léyà tirẹ̀, ìyẹn ìpele ọ̀tọ̀ nínú fáìlì àwòrán.

Olùkọ́ Ajílété

Mo ti pe ayàwòrán lórí èyí, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti fi ojú ewé kan ránṣẹ́. Aró ìyá àgbà Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló ní àwọ̀ nínú gbogbo ilé. Ó rẹwà gan-an.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. *Ohùn Láti Mars* ni mo ń tún kọ báyìí, ní fóìsì nóòtù. *Lẹ́yìn Tí Iná Dé* ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò ka àkọtọ́ rẹ̀, òun ni ìwé tí yóò kọ́kọ́ jáde, kí eré náà sì ṣíwájú rẹ̀ bí Bàbá Tíṣà ṣe wí. Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń béèrè owó pé rárá. Àbẹ̀kẹ́ yóò tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí èmi àti ayàwòrán bá ti kọ àdéhùn. Ìwé ńlá kò ní jáde títí yóò fi parí, mi ò sì ní kéde ọjọ́ rẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kan. Àmì onílà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò lẹ́yìn ìwé, ṣé Ilé Ìkàwé ló ń fúnni, àbí atẹ̀wé?

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá

Nọ́ńbà ISBN ni kí ẹ gbà lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó ṣe ẹ̀yìn ìwé yín lè sọ nọ́ńbà náà di àmì onílà, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ wà fún un. Kó fi sórí àyè funfun, kó má fi sórí àwòrán, kó sì má fún un mọ́ra, kí ẹ̀rọ lè kà á. Ẹ fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò lórí ẹyọ àkọ́kọ́ tí a bá tẹ̀, kí ẹ tó ní ká máa tẹ̀ ẹ́ lọ.